Fáànù ń yí, àmọ́ ṣé ara rẹ̀ le? Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò power pack kọ̀ǹpútà kan

Power pack (àpótí tó ń sọ iná ilé di iná tí kọ̀ǹpútà lè lò) tó wà lórí tábìlì jẹ́ ATX, irú tó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, olójú 24 (ojú irin 24 ló wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀), wọ́n kọ 450 W sí i lára. Inú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń tẹ̀wé la ti yọ ọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ nìyí: láàárọ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì títí, kò ní dáhùn. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á tún kì í bọ ojú iná, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó tó jí. Tó bá sì ti jí, ó lè ṣiṣẹ́ di alẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ẹnì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú: ó fi wáyà so wáyà àwọ̀ ewé, èyí tó ń jí power pack, pọ̀ mọ́ dúdú, fáànù yí, ló bá ní kò sí ohun tó ṣe power pack, kí wọ́n lọ pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà.

Torí ìdájọ́ yẹn la ṣe kọ èyí sílẹ̀. Fáànù tó ń yí kò sọ ju ohun kan lọ, pé iná díẹ̀ ń gba ojú fólítì 12 kọjá. Fáànù bẹ́ẹ̀ kì í mu tó ìdajì áńpù, ó sì lè máa yí lórí fólítì 8. Kọ̀ǹpútà ò lè jẹun lórí fólítì 8. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àwọn power pack tuntun kan wà tí fáànù wọn kì í yí rárá bí ẹrù (ohun tó ń fa iná lára rẹ̀) ò bá tíì wúwo, tí ara wọn sì le koko.

IRINṢẸ́ ÀTI OWÓ

Mítà oní-nọ́ńbà, irú DT830 aláwọ̀ ìyeyè tó kún ọjà. Gílóòbù bíréèkì mọ́tò méjì, 12 V 21 W, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu nǹkan bí áńpù 1.75. Rẹsísítọ̀ funfun onísìmẹ́ńtì 5 Ω 10 W méjì. Rẹsísítọ̀ 10 kΩ 5 W kan, tí a fi wáyà onírọ́bà gígùn sí lápá méjèèjì. Component tester kékeré tó ń ka bí kapásítọ̀ (ohun tó ń pa iná mọ́ fúngbà díẹ̀) ṣe tóbi tó ní µF, pẹ̀lú ESR rẹ̀, ìyẹn ìdènà inú rẹ̀ tó máa ń ga bó bá ń gbẹ. Soldering iron 40 W, lẹ́ẹ̀dì, ohun ìfalẹ́ẹ̀dì, sùkúdìráfà, pépà kílíìpù, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí kò tíì kan ọ̀dà.

Mítà, tester àti soldering iron ti wà nílẹ̀. Ohun tí a ra: gílóòbù méjì ₦1,000, rẹsísítọ̀ mẹ́ta ₦900, bátìrì mítà ₦800, kapásítọ̀ mẹ́rin ₦1,200. Àpapọ̀ ₦3,900. Ọ̀kan nínú kapásítọ̀ mẹ́rin yẹn ṣòfò, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

1. KÍ INÁ TÓ DÉ IBẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Tiwa: 12 V, áńpù 16. Ẹ fi 12 lu 16, 192 W ni. Ibo ni èyí tó kù nínú 450 wà? Wọ́n ro ti fólítì 5 àti 3.3 pọ̀ mọ́ ọn kí nọ́ńbà lè tóbi létí oníbàárà. Ojú 12 ni kọ̀ǹpútà òde òní ti ń jẹun jù, nítorí náà òun ni kí ẹ wò, kì í ṣe nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lókè.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá swítíìṣì pupa kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bó bá wà, 230 ló gbọ́dọ̀ hàn nílẹ̀ wa. Èyí ti ba ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́. Nígbà tí swítíìṣì bá wà lórí 115, ẹ̀rọ náà á sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì. Iná NEPA 230 tó yẹ kó di nǹkan bí fólítì 325 nínú kapásítọ̀ ńlá méjèèjì pọ̀ á fẹ́ di 650. Fólítì 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbà. Ó máa ń dún bí ìbọn. Èyí tí wọ́n kọ 100–240 sí lára láìní swítíìṣì kò níṣòro yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀ níbi ihò fáànù. Òórùn ẹja díẹ̀díẹ̀ jẹ́ ti kapásítọ̀ tó ti jò, òórùn rọ́bà jíjó jẹ́ ti tíránsífọ́mà tàbí wáyà. Ẹ mì í: bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ẹ má kì í bọ iná títí ẹ ó fi rí ohun tó já. Ẹ wo ojú púlọ́ọ̀gì olójú 24 àti ti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) dáadáa. Bí ojú kan bá ti pọ́n tàbí tó ti yọ́, ibẹ̀ ni iná ti ń sọnù. Tiwa mọ́, eruku nìkan ló dì sí fáànù bí òwú.

2. Ẹ DÁN MÍTÀ WÒ KÍ Ẹ TÓ DÁ ẸNIKẸ́NI LẸ́JỌ́

Níbí la ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí a mú lójú wáyà àwọ̀ àlùkò, tó yẹ kó wà ní nǹkan bí fólítì 5, jẹ́ 5.83. Ìyẹn ga kọjá ààlà, a sì ti fẹ́ kọ power pack náà sílẹ̀ pé ó léwu. Kó tó di pé a kọ ọ́, a fi mítà kan náà wọn bátìrì 1.5 V tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ó kà á sí 1.83. Bátìrì tuntun kì í ju nǹkan bí 1.6 lọ. Mítà ló ń parọ́.

Ohun tó fà á ni pé bátìrì 9 V inú mítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nínú àwọn mítà olówó pọ́ọ́kú yìí, bí bátìrì inú bá ṣe ń rọ̀ ni nọ́ńbà ojú mítà ń ga sí i, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fi àmì bátìrì hàn títí tí yóò fi ṣi ni lọ́nà. A pààrọ̀ bátìrì, ó ka 1.58 fún bátìrì tuntun yẹn, ó sì ka 5.04 fún àwọ̀ àlùkò. Láti ọjọ́ náà, bátìrì tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà fún ìdánwò nìkan.

3. ÀWỌ̀ ÀLÙKÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo èyí kọjá lọ síbi àwọ̀ ewé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Wáyà àwọ̀ àlùkò, ojú 9, ni iná fólítì 5 tó máa ń wà lójúfò kódà bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, níwọ̀n ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá wà lójú iná. Òun ló ń fún bọ́tìnnì lágbára. Bí òun bá ṣàìsàn, bọ́tìnnì ò ní dáhùn, gbogbo ẹ̀bi á sì bọ́ sọ́rùn mọ́dábọ́ọ̀dù.

Ẹ gbé mítà sí DC 20 V. Ẹnu dúdú sí wáyà dúdú èyíkéyìí, ẹnu pupa sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ kì púlọ́ọ̀gì bọ iná. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25. Bó bá ju 5.25 lọ pẹ̀lú mítà tó ń sọ òtítọ́, ẹ yọ ọ́ lójú iná, ẹ má sì so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù kankan. Àwọn power pack àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé kapásítọ̀ kékeré kan tó bá gbẹ ló máa ń mú kí iná yìí máa gòkè láìsí ẹni tí yóò dá a dúró, mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì ń jìyà rẹ̀.

Tiwa kà 5.04. Ó dára, àbí? Àṣìṣe kejì nìyẹn. Power pack náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ni, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Àárọ̀ ló ń ṣàìsàn, ọ̀sán la sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. A fi sílẹ̀ sùn láìsí iná. Lọ́jọ́ kejì, ní tútù, ohun tí mítà ń sọ nìyí: 1.9, 3.6, 2.2, 3.8, kò dúró sójú kan, ẹ sì lè gbọ́ ohùn kékeré nínú rẹ̀, tíkì, tíkì, tíkì, bí aago. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe iná yẹn ń gbìyànjú láti dìde, ó ń ṣubú, ó tún ń gbìyànjú. A yọ ọ́, a tún kì í bọ̀ ọ́. Ìgbà kẹrin ló tó dúró lórí 5.04.

A wá gbé ẹrù lé e: rẹsísítọ̀ 5 Ω kan láàárín àwọ̀ àlùkò àti dúdú. Ìyẹn jẹ́ áńpù 1, ohun tí wọ́n sì kọ sí i lára ni pé ó lè gbé 2. Ó já wálẹ̀ sí 4.38. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ara rẹ̀ ṣe ń móoru, ó gòkè sí 4.61. Kò dé 4.75 síbẹ̀.

Rẹsísítọ̀ yẹn máa ń gbóná débi tí kò ṣe é fọwọ́ kàn. Orí àwo tánńganran tàbí táìlì ni kí ẹ gbé e sí. A gbé tiwa lórí tábìlì, ó kọ àpá gbọọrọ kan sí ojú fọ́míkà tí kò ní parẹ́ mọ́.

Àfikún kan: ní ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ojú USB ṣì máa ń ní iná nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, láti ara wáyà àlùkò yìí ni. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà tí kò tàn gba iná sí fóònù láti alẹ́ mọ́jú, ibí ló ń jẹ ẹ́.

4. ÀWỌ̀ EWÉ MỌ́ DÚDÚ

Ẹ yọ ọ́ lójú iná ná. Ẹ tẹ́ pépà kílíìpù, ẹ kì apá kan bọ ojú àwọ̀ ewé, ojú 16, kí apá kejì bọ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn bá ti dúró dáadáa ni kí ẹ tó fún un níná.

Bí gbogbo wáyà bá jẹ́ dúdú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, ọgbọ́n wà. Nígbà tí power pack bá wà lójú iná tí a kò tíì jí i, ojú méjì péré nínú 24 ló ní iná tó súnmọ́ fólítì 5: àwọ̀ àlùkò àti àwọ̀ ewé. Èyí tí ilẹ̀ (ground, ojú tí wáyà dúdú máa ń wà nínú èyí tó ní àwọ̀) wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ nínú ìlà kan náà ni àwọ̀ ewé.

Ààlà tí ATX fi sílẹ̀ àti ohun tí tiwa kà láìsí ẹrù:

Àwọ̀ ọsàn, 3.3 V: 3.14 sí 3.47. Tiwa 3.36.
Pupa, 5 V: 4.75 sí 5.25. Tiwa 5.09.
Ìyeyè, 12 V: 11.40 sí 12.60. Tiwa 11.87.
Búlúù, −12 V: −10.8 sí −13.2. Tiwa −11.6.
Àwọ̀ eérú, àmì pé iná ti dúró dáadáa: ó gbọ́dọ̀ ju 2.4 lọ, kó sì súnmọ́ 5. Tiwa 4.9.

Àwọ̀ eérú ṣe pàtàkì. Power pack ń dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó gbé e dìde, mọ́dábọ́ọ̀dù ò sì ní jí láìrí i. DT830 kò yára tó láti wọn àkókò yẹn, àmọ́ yóò sọ fún yín bóyá ó dìde tàbí kò dìde. Bí fáànù bá ń yí tí àwọ̀ eérú wà lórí òdo, ẹ má wá ẹ̀bi síbòmíràn.

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí dára, wọn ò sì wúlò púpọ̀. Láìsí ẹrù, aláìsàn náà lè dìde jókòó.

5. GBÍGBÉ ẸRÙ LÉ E

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kùnà. Gílóòbù iwájú mọ́tò 55 W la kọ́kọ́ so mọ́ ìyeyè. Bí a ṣe jí power pack, fáànù fò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì kú. A tún un ṣe, bákan náà ni. Ẹ̀bi power pack kọ́. Gílóòbù tútù kì í ní rẹsísíténsì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ní bó bá gbóná, nítorí náà ohun tí power pack rí dà bí ẹni pé wáyà méjì kan ara wọn, ó sì dáàbò bo ara rẹ̀. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lójú iná fún ìṣẹ́jú kan kó tó gbà láti jí.

A bọ́ sórí gílóòbù bíréèkì 21 W. A jí power pack ná, a wá so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù méjì, nǹkan bí áńpù 3.5: ìyeyè já sí 11.36, pupa gòkè sí 5.21.

11.36 kéré sí 11.40. Ṣé ó ti kú nìyẹn? Rárá, àṣìṣe kẹta sì nìyí, òun ló sì ń tan ènìyàn jù. Nínú ọ̀pọ̀ power pack olówó kékeré, ọwọ́ kan náà ló ń darí 12 àti 5 pọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹrù lé 12 nìkan tí ẹ fi 5 sílẹ̀ lófìfo, 12 á rọ̀, 5 á ga, nítorí àárín méjèèjì ló ń wá. Ẹ wo bí pupa ṣe gòkè: ìyẹn ni àmì rẹ̀. A so rẹsísítọ̀ 5 Ω méjèèjì mọ́ pupa, áńpù 2. Lójú ẹsẹ̀, ìyeyè padà sí 11.62, pupa sọ̀kalẹ̀ sí 5.02. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ìyeyè kò kúrò láàárín 11.60 sí 11.63.

Àwọn ojú iná ńlá kò ṣàìsàn nìyẹn. Inú àwọ̀ àlùkò nìkan ni àrùn wà. Ká ní mọ́dábọ́ọ̀dù la lọ pààrọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní ká ṣe, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni ì bá jẹ́.

6. ṢÍṢÍ I

Ẹ ka ìpín yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan sùkúdìráfà. Iná inú kapásítọ̀ ńlá lè pa ènìyàn, yíyọ púlọ́ọ̀gì kò sì mú un kúrò. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí a yọ tiwa, fólítì 84 ṣì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Power pack tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ lè pa iná mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan lẹ́yìn, ọwọ́ kan síwájú: ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ kan orí kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ wá fi mítà tó wà lórí DC 1000 V wọn ọ́n. Títí yóò fi wà nísàlẹ̀ fólítì 5, ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ má fi sùkúdìráfà kan án bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó máa ń jó ojú lẹ́ẹ̀dì, ó sì máa ń ta iná sójú.

Sùkúrù mẹ́rin. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku, a ya fọ́tò pátákó náà lọ́nà mẹ́ta kí a tó yọ ohunkóhun, nítorí ìlà kékeré ara kapásítọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ òdì hàn ni a máa tẹ̀lé nígbà tí a bá ń dá tuntun padà.

Nítòsí tíránsífọ́mà kékeré, èyí tó ń ṣe iná àlùkò, kapásítọ̀ 1000 µF 10 V kan wà tí orí rẹ̀ ti wú bí orí àgọ̀. Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ìka yípo orí rẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i dáadáa. Ọ̀kan 470 µF 10 V wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́. A yọ méjèèjì, a fi wọ́n sínú tester:

1000 µF: ó kà 212 µF, ESR 4.8 Ω.
470 µF: ó kà 395 µF, ESR 0.9 Ω.

Tuntun tó dára nínú irú wọn kì í dé 0.2 Ω. Omi inú wọn ti gbẹ. Ooru máa ń mú kí ESR rọ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi le fún un jù ọ̀sán lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé apá àlùkò ló kọ́kọ́ ń kú nínú ọ̀pọ̀ power pack? Kò ní ìsinmi. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, fáànù á dúró, àmọ́ òun ń ṣiṣẹ́ lọ, nínú àpótí tí atẹ́gùn ò fẹ́ sí, ní gbogbo wákàtí tí NEPA bá fi mú iná wá. Pípa swítíìṣì ara ògiri ní alẹ́ kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

7. ÀTÚNṢE ÀKỌ́KỌ́, TÍ KÒ PARÍ

Kapásítọ̀ 1000 µF 16 V tí a kọ́kọ́ rà ní ₦150 dán bí ohun gidi. Tester kà á sí 640 µF. Wọ́n ti wọ aṣọ tuntun fún òkú. A jù ú nù, a ra òmíràn ní ₦500, èyí tí wọ́n kọ 105 °C àti low ESR sí: 985 µF, 0.04 Ω. Ti 470 náà ní ₦400. Ẹ má jó ohunkóhun mọ́ pátákó láìtíì wọn ọ́n. Èyí tó ní fólítì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò burú, bó bá ṣáà ti gba àyè. Èyí tó kéré sí i ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 85 °C sí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

A jó wọn mọ́ ọn. Ìdánwò: àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú áńpù 1, 4.97. Inú wa dùn, a dé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: tíkì, tíkì, tíkì.

8. ÀTÚNṢE KEJÌ

Àrùn méjì ló wà lára ẹni kan. Àwọn kapásítọ̀ tó wà níbi àbájáde ló ń jẹ́ kí iná rọ̀ bí a bá gbé ẹrù lé e. Ohun tó ń dènà jíjí ní tútù wà ní apá kejì tíránsífọ́mà, níbi iná ńlá: kapásítọ̀ kékeré 22 µF 50 V tó ń bọ́ IC (ṣíìpù) tó ń darí iná àlùkò. Bó bá gbẹ, kò ní lè di iná tó pọ̀ mú títí IC yóò fi dìde tán, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣubú tó sì ń dìde. Kò wú, kò jò, kò fara hàn rárá. Ìdí pépà irin tó ń gba ooru ló wà, ó sì ti ń yan níbẹ̀ láti ọdún yìí wá. Tester: 9 µF, ESR 11 Ω.

Ẹ tún fa iná kapásítọ̀ ńlá jáde kí ẹ tó ṣe èyí, pàápàá nítorí apá iná ńlá lẹ ń bá ṣiṣẹ́. Kapásítọ̀ tuntun 105 °C, ₦150. A tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀ kó má baà fara kan irin gbígbóná náà mọ́.

Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, ní tútù, ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ àlùkò láìsí ẹrù 5.05, pẹ̀lú áńpù 1, 4.98.

Bó bá jẹ́ pé fíúsì inú rẹ̀ ló ti jó ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ má kàn fi fíúsì tuntun sí i. Tíránsísítọ̀ ńlá ló sábà máa ń kan ara wọn kí fíúsì tó lọ, tuntun náà á tún jó. Ẹ so gílóòbù ilé 100 W, irú oní-wáyà inú ti àtijọ́, sójú ọ̀nà iná tó ń wọ power pack. Bó bá tàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì rọ̀, ó dára. Bó bá tàn rekete tí kò dínkù, nǹkan ti kan ara wọn nínú rẹ̀. Ní ti power pack tó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí páálí bisikíìtì, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ bó bá ti dé ìpele fíúsì. Ẹ ra òmíràn.

9. NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ FÚNRA RẸ̀

Gílóòbù kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà máa ń fa iná ní fífà àti dídáwọ́ dúró. Ẹ so gbogbo rẹ̀ padà, ẹ tan án, kí ẹ ti ẹnu mítà wọ ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì olójú 24, lẹ́bàá wáyà, títí tí yóò fi kan irin. Ẹ fi téèpù wé ẹnu mítà kó ku nǹkan bí mìlímítà 3 péré tó ṣí sílẹ̀. Bó bá yọ̀ tó fi ìyeyè kan ojú kejì, mọ́dábọ́ọ̀dù lè lọ níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́: ìyeyè 11.96, pupa 5.04, ọsàn 3.34.
CPU ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan pẹ̀lú ìtẹ̀wé: ìyeyè 11.71, pupa 5.01, ọsàn 3.31.
Lójú púlọ́ọ̀gì CPU ní àkókò kan náà: 11.63.

Ìyàtọ̀ láàárín 11.71 àti 11.63 jẹ́ ohun tó ń sọnù sínú wáyà àti ojú púlọ́ọ̀gì, kò pọ̀. Bó bá ju 0.3 lọ, ẹ tú púlọ́ọ̀gì náà kí ẹ wo ojú rẹ̀. Nọ́ńbà tí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) ń fi hàn kò ṣe é gbára lé fún irú èyí. BIOS kọ̀ǹpútà yìí kà 12 sí 12.25.

Ohun kan wà tí mítà yìí kò lè rí: ìgbọ̀n kékeré tó máa ń gun orí iná. ATX gba 120 mV (mV kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólítì) láyè lórí 12, àti 50 mV lórí 5 àti 3.3. Ìwọ̀n AC tó kéré jù lórí DT830 jẹ́ 200 V, bí ẹni fi òṣùwọ̀n ìrẹsì wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, nìkan ló lè ṣèdájọ́ ìyẹn. Àwa fi tester wọn ESR àwọn kapásítọ̀ yòókù nípò wọn, lẹ́yìn tí a ti fa iná jáde. Kò péye bí ìgbà tí a bá yọ wọ́n, àmọ́ kò sí èyí tó kọjá 0.3 Ω.

Ọ̀RỌ̀ ÌKÌLỌ̀ NÍPA TÒKUNBỌ̀

Ọ̀pọ̀ Dell àti HP tòkunbọ̀ tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà kì í lo ATX. Dell OptiPlex 9020, bí àpẹẹrẹ, ojú 8 ni púlọ́ọ̀gì ńlá rẹ̀ ní. Fólítì 12 nìkan ló ń gbé lọ sí mọ́dábọ́ọ̀dù, mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe 5 àti 3.3. Àwọn Dell kan láti nǹkan bí ọdún 2000 tún wà tí púlọ́ọ̀gì wọn jọ ti ATX gẹ́lẹ́ àmọ́ tí wáyà inú rẹ̀ tò lọ́nà mìíràn. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ má tẹ̀lé ojú 9 àti ojú 16 tí a kọ sókè. Ara power pack ni kí ẹ ti ka àwọ̀ wáyà àti fólítì rẹ̀, kí ẹ má sì fi ATX ọjà rọ́pò wọn láìsí ohun tí wọ́n ṣe fún ìyípadà náà.

A kọ ìwọ̀n ìkẹyìn sórí téèpù funfun, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà náà: àlùkò 4.98 pẹ̀lú áńpù 1, ìyeyè 11.71 nígbà iṣẹ́, kapásítọ̀ mẹ́ta tuntun, òṣù àti ọdún tí a ṣe é. Ẹni tó bá tún ṣí i á rí i bóyá nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.